Ọ̀bọ àti ọ̀yà ń bá mi pín irè oko ẹsẹ̀ òkè: kí ni ẹ̀yin ń ṣe sí tiyín?

ỌmọÒkèBaálẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Òṣogbo ni mò ń gbé, ní Òkè-Baálẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa wà lápá Ìrágbìjí, ní ẹsẹ̀ òkè gan-an. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn rí á mọ irú òkè tí mò ń wí: àpáta lórí àpáta, igbó dí sí àárín wọn, kò sẹ́ni tó ń dáko lókè pátápátá. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni mo gbìn.

Irè náà ṣe dáadáa, àwa kọ́ la jẹ ẹ́. Bí àgbàdo ṣe ń gbó ni wọ́n ń já a. Mo bá àwọn ọ̀bọ níbẹ̀ lójúmọmọ, wọn ò tiẹ̀ sá. Èyí tó jókòó sórí kùkùté ń wò mí ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti wú fún ohun tó kó sẹ́nu, ó sì tún ń fọwọ́ bó òmíràn. Ní ti ẹ̀gẹ́, òru ni nǹkan kan ń wá gé e.

Ẹnì kan tí oko wa jọ pààlà ní kí n ra oògùn, kí n pò ó mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, kí n jù ú káàkiri. Ẹlòmíràn ní kí n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀, kí n lọ yá ilẹ̀ síbòmíràn. Ọkàn mi ò lọ sí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko lẹ́bàá òkè, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n fi wáyà yí gbogbo oko ká, n ò lówó ẹ̀.

BàbáOníkòkó:
Àbúrò, ẹ kú ìrọ́jú. Kí á tó sọ̀rọ̀ oògùn tàbí wáyà, ta ni olè? Ẹ má kó gbogbo ẹjọ́ ká ọ̀bọ lọ́rùn. Ẹ lọ sóko ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, kí ẹ wo ilẹ̀ dáadáa.

Tí ẹ bá rí igi àgbàdo tí wọ́n gé nísàlẹ̀, tí ojú ibi tí wọ́n ti gé e dà gẹ́rẹ́ bí ìgbà téèyàn fi ọ̀bẹ dá a, tí wọ́n tún gé igi náà kéékèèké sílẹ̀, ọ̀yà nìyẹn. Ẹ ó rí ìgbẹ́ rẹ̀ nítòsí, ẹ ó sì rí ọ̀nà tóóró tó ń gbà jáde láti inú eèsún. Ọ̀bọ kì í gé igi. Lórí ìdúró ni yóò ti bó èèpo àgbàdo, tàbí kí ó ṣẹ́ igi náà lulẹ̀. Á jẹ ẹnu méjì, á jù ú nù, á tún já òmíràn. Ohun tó jẹ́ kí tiẹ̀ máa dunni nìyẹn, ohun tó bà jẹ́ máa ń ju ohun tó jẹ lọ.

Tó bá jẹ́ orí ọmọ àgbàdo nìkan ni èèpo ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí hóró òkè ti tán, ẹyẹ ni. Tí àgbàdo ò bá hù rárá, tí ẹ rí ihò kéékèèké níbi tí ẹ gbìn ín sí, ikún tàbí àparò ló hú u jẹ. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbẹ́ ìdí rẹ̀, tí ojú eyín ńlá hàn lára èyí tó kù, òòrẹ̀ ni. Ẹ wò yíká, ẹ lè rí ẹ̀gún rẹ̀ kan nílẹ̀. Òkété ní tiẹ̀ kì í dúró jẹun níta, ihò rẹ̀ ló ń kó o lọ.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tí à ń ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá dẹ pàkúté ilẹ̀ nítorí ọ̀bọ, ajá aládùúgbò ni yóò mú.

ỌmọAlárédè:
Gbogbo èyí tí Bàbá dárúkọ yìí, ọbẹ̀ nìkan ni mo rí níbẹ̀ o 😂

BàbáOníkòkó:
Ẹ jẹ́ ká rí àgbàdo kó wálé ná, ọbẹ̀ á tẹ̀lé e.

ỌmọÒkèBaálẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mo ti lọ wò ó. Ọ̀yà ló ń gé ẹ̀gẹ́, gẹ́rẹ́ náà ló dà bí ẹ ṣe wí. Àgbàdo tó sún mọ́ àpáta, ọ̀bọ ló jẹ ẹ́. Èyí tó wà lọ́nà ahéré, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan tún wà. Ọmọ tó ń bá mi sùn sí ahéré ní òun ò sùn mọ́, pé nǹkan kan ń ké lóru láti inú igi lókè yẹn, á bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á wá máa le sí i títí á fi di igbe. Kí ni yẹn?

ỌmọỌdẹ:
Ọ̀fàfà nìyẹn. Ẹ sọ fún un kó sùn. Ewé àti èso igi ló ń jẹ, kò bá àgbàdo yín ṣe nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ọ̀yà ni kí a sọ. Ọ̀yà kì í fẹ́ gba ojú gbalasa kọjá. Inú koríko gíga ló ń gbé, ibẹ̀ ló ń gbà rìn, ibẹ̀ náà ló ń sá padà sí. Tí eèsún bá kan ẹ̀gẹ́ yín, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn fún un nìyẹn. Ẹ ro etí oko yín mọ́ tónítóní, kí ó fẹ̀ tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, yípo. Kí ẹ má ro ó lẹ́ẹ̀kan kí ẹ gbàgbé rẹ̀ o. Nígbà òjò, koríko á ti padà kí ẹ tó mọ̀. Èmi gbà pé owó alágbàro tí ẹ fi ro etí oko lérè ju owó oògùn èyíkéyìí lọ.

Lẹ́yìn náà, tí imọ̀ ọ̀pẹ bá wà nítòsí, ẹ to ó dè etí oko náà, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dẹ okùn sí ojú àlàfo. Ọ̀yà á máa rìn lẹ́bàá imọ̀ náà títí yóò fi rí ibi tó là. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ máa lọ wò ó, kí ẹran má baà jẹrà tàbí kí ó máa joró síbẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo wa gbọ́: ẹ má fa iná mànàmáná sí etí oko láé. Àwọn kan ń ṣe é. Èèyàn ni yóò pa.

ÌyáEléwébẹ̀:
Ẹ̀yin ọkùnrin, pàkúté ni ẹ fẹ́ràn. Ẹ jẹ́ kí n béèrè: ta ló ní kí ẹ gbin àgbàdo sí ẹnu ọ̀nà ọ̀bọ?

Apá Ìreé ni èmi ń dáko sí, òkè wà níbẹ̀ náà. Ohun tí ọ̀bọ ò fẹ́ràn ni mo gbìn sí etí igbó: ata wẹẹrẹ, ata rodo, ata-ilẹ̀, ewúro àti kókò. Kókò tútù á yún ún lẹ́nu, kò ní tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gúsí bàrà náà dára níbẹ̀ torí ó korò, àmọ́ ẹ ṣọ́ eku nígbà tí ẹ bá kó bàrà jọ kó rà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gẹ́ wà. Àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré, níbi tí èèyàn ti ń sọ̀rọ̀, tí èéfín ti ń rú. Ọ̀bọ tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ á gba inú ata kọjá, ojú gbangba, ajá á ti rí i.

Ata ní tiẹ̀, ẹyẹ á jẹ nínú rẹ̀ o. Ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu bó ṣe ń ta àwa àti ọ̀bọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹyẹ ń jẹ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí èmi ń kó lọ sí Ìgbọ̀nà. Ẹ gbé e lọ sọ́jà fúnra yín tí ẹ bá lè rí ọkọ̀. Àwọn alájàpá tó ń wá sóko á dúró sórí ebè yín, wọ́n á máa bú ọjà yín títí ẹ ó fi tà á ní iye tí wọ́n fẹ́.

BàbáOníkòkó:
Ìyá, ọ̀rọ̀ yín tẹ̀wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Ẹ bá àwọn tí oko yín jọ pààlà sọ̀rọ̀ kí ẹ jọ gbin àgbàdo nígbà kan náà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ kọ́kọ́ gbìn, tàbí ẹ̀yin lẹ gbẹ̀yìn, gbogbo ẹyẹ àti ẹranko àdúgbò, oko yín ni wọ́n ń bọ̀.

ẸniTóMọ̀:
Gbogbo èyí gùn jù. Mo fi òtápiápiá sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, n ò rí ọ̀bọ mọ́. Ó parí.

Nọ́ọ̀sìÒṣogbo:
Kò parí o, ẹ̀gbọ́n. Ẹran tó jẹ oògùn kì í kú lójú kan náà. Á rìn lọ, á kú sí ibi tí ẹlòmíràn ti máa rí i. Ẹlòmíràn á gbé e, á yan án, á gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ̀yin tàbí ọmọ yín á rà á. Ajá á jẹ níbẹ̀. Ọmọdé tó ń kọjá á rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n nílẹ̀. Òjò á rọ̀, á wọ́ èyí tó kù lọ sínú odò tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń mu.

Kì í ṣe lásán ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré dichlorvos, oògùn tó máa ń wà nínú òtápiápiá, èyí tó jẹ́ mílílítà 100, ní ọjà gbangba ní 2019. Mo ti rí àwọn tí wọ́n gbé wá fún wa ní wọ́ọ̀dù, itọ́ ń da lẹ́nu wọn, ọmọ ojú wọn ti kéré, wọn ò lè mí dáadáa. Tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, ẹ má fipá mú un bì. Ẹ bọ́ aṣọ tí oògùn ti kàn, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ ara rẹ̀, kí ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò oògùn náà.

ỌmọỌdẹ:
Ẹ gbọ́ ti Nọ́ọ̀sì. Àwa ọdẹ gan-an kì í fẹ́ràn ẹni tó ń fi oògùn pa ẹran, ó ń ba ọjà jẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ọ̀bọ pàápàá, kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló pọ̀. Èyí tí ọ̀fun rẹ̀ funfun, ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà yìí àti ìtòsí rẹ̀ ló ń gbé, ó sì ti ń dínkù gan-an. Akika náà wà lókè yẹn. Ìkán àti èèrà nìkan ló ń jẹ, kò sí àgbẹ̀ tó lè sọ pé ó jẹ oko òun. Láti 2017 ni gbogbo orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ti fòfin de títà á láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá akika fún òun, ẹ yẹra fún un, wàhálà ló ń gbé bọ̀.

Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun:
Ẹ ń sọ̀rọ̀ ọ̀bọ, ẹ ò pe àwa tí à ń bá wọn gbé! Ilé wa ò jìnnà sí igbó Ọ̀ṣun. Igbó yẹn fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni pẹran tàbí gégi níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀bọ fi kún ibẹ̀ títí dòní. Àwọn àgbà tó dìídì dáàbò bò ó, títí kan Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́-ọnà), ṣe iṣẹ́ ńlá, UNESCO sì kọ orúkọ igbó náà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Mo ń fi ìyẹn yangàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Àwọn àlejò tó ń wá síbẹ̀ ń ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà fún wọn. Ọ̀bọ tó bá ti gba oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn, ẹ̀rù èèyàn ti tán lójú ẹ̀. Wọ́n ti gba ojú fèrèsé wọ ilé ìdáná wa, wọ́n ṣí ìkòkò. A ti wá mọ̀ pé kí á máa ti fèrèsé, kí á má fi èso sílẹ̀ lóde, kí á sì bo garawa ìdọ̀tí.

Ohun tó kan oko yín níbẹ̀ rèé: ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan pọ́n sóko. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó bá ti gbó, ẹ bẹ́ ẹ ní tútù, kó lọ pọ́n nílé. Ìbẹ́pẹ àti máńgòrò tó bọ́ sílẹ̀, ẹ ṣà á kúrò. Àgbàdo tí ẹran ti jẹ kù, ẹ má fi í sílẹ̀ lórí ebè. Ẹni tó bá rí oúnjẹ òfẹ́ lẹ́ẹ̀kan á padà wá pẹ̀lú ẹbí rẹ̀.

ỌmọÒkèBaálẹ̀:
Ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn bá mi wí gan-an. Ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n kí ni mo lè máa fi lé wọn? Mo gbé rédíò síbẹ̀, wọ́n gbọ́ ìròyìn pẹ̀lú wa ni.

ÌyáEléwébẹ̀:
🤣🤣 Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé àwọn ló mọ iye tí epo bẹntiróòlù jẹ́ báyìí.

BàbáOníkòkó:
Kò sí ohun tí ẹ gbé kalẹ̀ lójú kan tí ọ̀bọ ò ní mọ̀ láìpẹ́. Àwòrán èèyàn, agolo, aṣọ pupa, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ máa sún un kiri, ẹ gbé e kúrò fún ìgbà kan, kí ẹ tún gbé e padà. Okùn kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ẹ bá ta á kọjá lórí àgbàdo, tí atẹ́gùn ń mú un hó, ẹyẹ ni ó dára fún, ẹ̀gà pàápàá.

Èèyàn àti ajá ni ọ̀bọ ń bẹ̀rù. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ẹ nílò olùṣọ́. Ìgbà tó burú ni ìgbà tí àgbàdo bá ti ní omi wàrà nínú títí ẹ ó fi ká a, àti láàárín ọjọ́ náà, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ títí oòrùn á fi mú, àti ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán gan-an, wọ́n ń sinmi. Ẹ̀yin mélòó kan ni ẹ jọ ní oko lẹ́sẹ̀ òkè yẹn? Ẹ fi ṣe àáró. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ro oko fún ara wọn ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ lè máa ṣọ́ ọ. Ẹnì kan á ṣọ́ apá òkè fún gbogbo yín lónìí, ẹlòmíràn lọ́la.

Tí ẹ bá ní ajá, ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi. Ajá tí ń bá ẹranko igbó jà nílò rẹ̀ ju ajá ojúlé lọ.

AyẹlẹWò:
Gbogbo yín ń sọ ẹranko, kò sẹ́ni tó béèrè bí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe wà. Oko ẹsẹ̀ òkè! Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí àpáta, àpáta ò mu omi, gbogbo rẹ̀ ló ń ya wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. ỌmọÒkèBaálẹ̀, ọ̀nà wo ni ebè yín dojú kọ?

ỌmọÒkèBaálẹ̀:
Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni, sà. Ó rọrùn fún àwọn lébìrà.

AyẹlẹWò:
Ó rọrùn fún omi náà. Poro kọ̀ọ̀kan ti di ojú àgbàrá tó ń kó ilẹ̀ dúdú yín lọ. Ẹ kọ ebè ní ìbú, kí ó dábùú ọ̀nà tí omi ń gbà. Ẹ má retí kó tọ́ gbọnrangandan, kí ó máa tẹ̀ lé bí ilẹ̀ ṣe rí. Òkúta tí ẹ ń ṣà kúrò lóko, ẹ má kó o jọ sójú kan, ẹ tò ó ní ìlà ní ìbú náà. Nígbà tó bá yá, ilẹ̀ á kó sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ọ̀pẹ òyìnbó gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ìlà òkúta náà, kí wọ́n sún mọ́ra. Ewé rẹ̀ nípọn, gbòǹgbò rẹ̀ di ilẹ̀ mú.

Gbogbo igi tó wà láti ibi tí oko yín parí sí títí dé àpáta, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá gé e ló gbé àgbàrá wọ oko ara rẹ̀.

ỌmọAlárédè:
Ọ̀pẹ òyìnbó kẹ̀? Ṣé ọ̀bọ ò ní jẹ ìyẹn ni?

AyẹlẹWò:
Ó lè jẹ èso rẹ̀ tó bá pọ́n. Nítorí ewé àti gbòǹgbò ni mo ṣe ní kí wọ́n gbìn ín. Èso tí ẹ bá rí ká, ẹ̀ẹ́ni ni.

ÌyáOlóyin:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀. Igbó tí ẹ ń sá fún lókè yẹn, òdòdó ló kún ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń fín oògùn síbẹ̀. Ibi tó dára jù fún oyin nìyẹn.

Pákó lásán la fi ń kan àpótí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ há ju òkè lọ, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dà sínú. Dípò ìdérí, ọ̀pá pẹlẹbẹ la ń tò sórí rẹ̀, ọ̀kan kan ọ̀kan, oyin á máa so afárá rẹ̀ kọ́ sára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Fífẹ̀ ọ̀pá yìí ni ọ̀pọ̀ káfíńtà ń ṣì: mílímítà 32 ló bá oyin ilẹ̀ wa mu. Tó bá fẹ̀ jù, wọ́n á so afárá gba àárín ọ̀pá méjì, ẹ ò ní lè fa ọ̀kan yọ láì ya èkejì. Ẹ fi páànù bo orí rẹ̀ nítorí òjò. Ẹ yọ́ ìda oyin díẹ̀ sí abẹ́ àwọn ọ̀pá náà, òórùn rẹ̀ ló ń pè wọ́n wá.

Ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, níbi tí omi ò jìnnà, kí ó jìnnà sí ọ̀nà tí èèyàn ń gbà àti ibi tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́. Ẹ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ agolo tí ọ́ìlì àlòkù wà nínú rẹ̀ kí èèrà má baà gùn ún. Oyin tiwa gbóná, ẹni kan ò gbọ́dọ̀ dá lọ kó o. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lálẹ́, pẹ̀lú èéfín tútù àti aṣọ tó bo gbogbo ara. Afárá tí wọ́n ti fi ìda dé lẹ́nu ni kí ẹ mú; èyí tí ọmọ wà nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì ṣẹ́ oúnjẹ kù fún wọn. Àwọn tó ń ti iná bọ ihò igi láti kó oyin, wọ́n ń pa oyin ọdún tó ń bọ̀ ni, àwọn náà ló sì ń fa iná tó ń jó òkè.

Ẹ má da ìda rẹ̀ nù. Àwọn tó ń ṣe bátíìkì pọ̀ ní Òṣogbo wa níbí, ìda ni wọ́n ń lò.

ỌmọÒkèBaálẹ̀:
Ṣé oyin náà á lé ọ̀bọ fún mi? Mo gbọ́ pé wọ́n ń lò ó níbì kan.

ÌyáOlóyin:
Ní Kẹ́ńyà, wọ́n ń so àpótí oyin yí oko ká nítorí erin, ó sì ń ṣiṣẹ́. Erin ń gba ilẹ̀, ọ̀bọ ń gba orí igi. Owó oyin ni kí ẹ retí, ẹ má retí ọlọ́pàá.

Ọlọ́yàÀgọ́:
Ẹ̀yin ará, ọ̀yà tó ń jẹ yín lóko yìí náà ló ń wọ́n jù lọ́jà. Ẹ sìn ín! Eèsún ló ń jẹ, ẹ ní i lọ́fẹ̀ẹ́. Oyún rẹ̀ tó oṣù márùn-ún, ó sì lè bí ọmọ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ kan sí abo mélòó kan nínú àgọ́. Akọ méjì ò gbọ́dọ̀ jọ wà, wọ́n á ja ara wọn pa.

BàbáOníkòkó:
Ẹ sọ ìyókù fún un. Eèsún ọ̀fẹ́ wà lójò. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó wá a dé etí odò. Pákó tàbí ọparun, á fi eyín jẹ ẹ́ jáde, àfi irin àti sìmẹ́ǹtì. Èyí tí ẹ bá sì mú nínú igbó, ẹ̀rù lè pa á sínú àgọ́. Ẹni tó bá máa sìn ín, ọmọ tí wọ́n bí sínú àgọ́ ni kó rà, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Tí àbúrò yìí ò bá ní owó wáyà, ibo ni yóò ti rí owó àgọ́ ọ̀yà?

Ọlọ́yàÀgọ́:
Òótọ́ ni, Bàbá. Mo gbà.

ÌyáEléwébẹ̀:
Ìgbín ni kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀ tó tutù lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, àpótí tàbí táyà àlòkù, àwọ̀n lórí rẹ̀, ewé ìbẹ́pẹ àti gbúre fún oúnjẹ. Kí ó máa wọ́n omi sí i ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó má sì jẹ́ kí iyọ̀ tàbí oògùn koríko kàn án. Kì í tètè mówó wá o, sùúrù ni.

Nọ́ọ̀sìÒṣogbo:
Ẹ̀yin tí oko yín wà lẹ́bàá àpáta, mo mọ̀ pé ẹ ń sá láfún sórí àpáta. Ẹ dákun, ẹ kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ má fi í sùn síta. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ló ń gbé àrùn ibà Lassa kiri, ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ ń sá láfún gan-an ló sì máa ń pọ̀ jù. Gàárì náà, inú ike tó ní ìdérí. Ẹni tó bá sì ń kun eku tàbí òkété, tí ọgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ibà tí ẹ bá ti lo oògùn ibà sí tí kò lọ, ẹ má ṣe gbé e sílé. Ẹ tètè wá rí wa.

ỌmọỌdẹ:
Bàtà òjò náà, Nọ́ọ̀sì, ẹ gbàgbé ìyẹn. Paramọ́lẹ̀ ń sùn sábẹ́ ewé gbígbẹ lẹ́bàá àpáta, kì í sá fún èèyàn. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má so ó pinpin; ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ wá ọ̀kadà gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Kí ẹ tó wọ inú ọyẹ́, ẹ ro ojú iná yí oko ká, kí iná ìgbẹ́ má baà wọlé. Ibi tí ẹ ti ro nítorí ọ̀yà lẹ́ẹ̀kan yẹn náà ni. Ẹ kàn gbá ewé gbígbẹ kúrò níbẹ̀.

ỌmọÒkèBaálẹ̀:
Olúwa á san án fún gbogbo yín. Ohun tí mo máa ṣe rèé: ata àti kókò lọ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta, àgbàdo padà wá sí ẹ̀bá ahéré, ebè á dábùú, etí oko á mọ́. Mo ti bá ẹni mẹ́ta tí a jọ pààlà sọ̀rọ̀ àáró. Méjì gbà, ẹni tó ní kí n lo oògùn ní òun máa rò ó wò. Ọ̀yà, mo sún un síwájú. Mo fẹ́ kan àpótí oyin méjì kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé.

Ìyá Olóyin, ẹ jọ̀ọ́, irú pákó wo ni kí n rà? Pákó tí mo bá ní pẹ̀rẹ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní wọ́n ti fi oògùn ìkán sí i, pé kò ní bàjẹ́ láé.

ÌyáOlóyin:
Ẹ má rà á! Oògùn tó ń pa ìkán á pa oyin, tí kò bá sì pa wọ́n, wọn ò ní wọlé síbẹ̀. Pákó gbígbẹ tí wọn ò fi nǹkan kan pa ni kí ẹ wá, kódà kó jẹ́ pákó àlòkù láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, tí kò bá ti ní òórùn ọ́ìlì tàbí ọ̀dà. Tí ẹ bá fẹ́ kùn ún, ìta rẹ̀ nìkan, kí ẹ fi í sílẹ̀ sínú oòrùn títí òórùn ọ̀dà á fi lọ. Ẹ mú ọ̀pá ìdíwọ̀n dání lọ bá káfíńtà, 32 ni kí ẹ sọ fún un, kí ẹ sì dúró tì í títí yóò fi gé àkọ́kọ́.